Nígbà tí omi bá ń fà: ẹja inú ibú ní Bantè àti Savalou

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdọọdún, ìlú Savalou máa ń kún fún ènìyàn. Ọjọ́ ọdún iṣu ni. Àwọn ọmọ ìlú a ti Cotonou, Parakou àti ẹ̀yìn odi dé. Iṣu tuntun a jáde. Ìró odó a sì máa dún láti agbolé dé agbolé. Ní Bantè náà, ilé tí a kò ti gúnyán ní àsìkò yìí kò pọ̀. Síbẹ̀, bí iyán ti pọ̀ tó, ẹja odò kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ ẹ́. Ẹja yìnyín tí a gbé láti Cotonou wá ni ó sábà máa ń wà lórí àtẹ.

Ẹni tí kò mọ ìwà odò lè rò pé ẹja ti tán nínú omi. Kò tán. Omi ni ó fi í pamọ́. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹja yóò fara hàn. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn bá gbà mú un ní àkókò náà ni yóò sọ bóyá ẹja yóò tún wà ní ọdún tí ń bọ̀.

Odò tí ń kún, odò tí ń gbẹ

Bantè àti Savalou wà ní ẹkùn Collines, ní àárín orílẹ̀-èdè Benin. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ níbẹ̀: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, òwú àti kajú. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé, iṣẹ́ ẹja jẹ́ iṣẹ́ àfikún, tí a ń ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ díẹ̀ ní oko. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àfikún yìí ni ó ń fi ẹran sí ọbẹ̀ àwọn ọmọ, òun náà ni ó sì ń fi owó sí ọwọ́ àwọn obìnrin tí ń yan ẹja.

Odò Zou ń gba àgbègbè yìí kọjá. Odò Agbado, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe apá kan ìlú Savalou, wà lára àwọn odò tí ń ṣàn lọ sínú rẹ̀. Zou fúnra rẹ̀ ń lọ dara pọ̀ mọ́ Ouémé ní ìsàlẹ̀. Ouémé ni odò tí ó gùn jù lọ nínú ilẹ̀ Benin: gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 510. Láti òkè àríwá ni ó ti ń bọ̀, ó ń kọjá ní ìhà ìlà-oòrùn Bantè àti Savalou, ó sì ń lọ títí dé adágún Nokoué lẹ́bàá Cotonou.

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ní ilẹ̀ Togo, adágún ńlá kan wà tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe. Adágún Nangbéto ni. Ní ọdún 1987 ni a parí ìdídò náà lórí odò Mono, kí Togo àti Benin lè rí iná mànàmáná. Nígbà tí adágún náà bá kún, fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 180 ní ìwọ̀n orígun mẹ́rin. Kí ìdídò tó dé, odò lásán ni ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ apẹja wá tẹ̀dó sí etí omi náà.

Ìwà kan náà ni gbogbo omi wọ̀nyí ń hù. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin. Ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án, odò a kún, a sì ya wọ inú koríko. Nígbà tí oṣù kẹwàá bá ń lọ sópin, òjò a dáwọ́ dúró. Láti oṣù kọkànlá, omi a bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nígbà tí oṣù kìíní bá fi máa dé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn odò kéékèèké kò ní ṣàn mọ́. Iyanrìn gbígbẹ ni yóò kù, pẹ̀lú ibú kan níhìn-ín, ibú kan lọ́hùn-ún. Inú àwọn ibú wọ̀nyí ni gbogbo ẹja tí ó kù máa ń sá sí.

Ẹja ń bá omi rìn

Ìdí tí ẹja fi ṣòro láti mú nígbà tí omi kún kò le láti mọ̀. Omi ti gbòòrò, ẹja sì ti tú ká. Ó ti bá omi wọ inú koríko, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ó ti ń yé ẹyin.

Ẹ wo àrọ̀. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀ tí omi sì ń gòkè, abo àrọ̀ a wọ inú omi tí kò jìn, láàárín koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò. Ibẹ̀ ni ó ń tú ẹyin rẹ̀ sí. Abo tí ó tóbi lè yé ẹyin tí ó ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá lọ. Kì í dúró ṣọ́ wọn. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹyin a pa, ọmọ ẹja a sì fọ́n sínú koríko. Àwọn ẹja mìíràn, ẹyẹ àti àkèré a jẹ púpọ̀ nínú wọn. Díẹ̀ ni ó ń dàgbà.

Àrọ̀ tún ní ẹ̀bùn kan tí ọ̀pọ̀ ẹja kò ní. Ó ní ẹ̀yà ara kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjàgbọ̀n rẹ̀ tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe lè wà láàyè nínú ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá kù díẹ̀, tí ó sì lè wọ́ kọjá lórí ilẹ̀ tútù láti inú ibú kan dé òmíràn.

Ti ẹpìyà yàtọ̀. Ẹyin rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àrọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìtọ́jú ọmọ. Nínú oríṣi ẹpìyà kan, ìyá ni í kó ẹyin sí ẹnu, tí yóò sì pa wọ́n mọ́ síbẹ̀ títí wọn yóò fi pa. Bí ewu bá dé lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ a tún sá padà sí ẹnu ìyá wọn. Nínú oríṣi mìíràn, ìyá àti bàbá ni ó jọ ń gbẹ́ ihò sí ìsàlẹ̀ omi, tí wọ́n sì jọ ń ṣọ́ ọ. Ẹni tí ó bá mú ìyá ní àkókò ìtọ́jú yìí ti mú ọmọ mọ́ ọn.

Ẹja kẹta ni ọdẹ inú omi. Ẹnu rẹ̀ gùn, eyín rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ sì rí gbọọrọ. Hepsetus odoe ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un, láti ọdún 1794 ni wọ́n sì ti kọ nípa rẹ̀. Àwọn tí ń sọ èdè Faransé ń pè é ní brochet ti Áfíríkà, nítorí pé ó jọ ẹja brochet ti ilẹ̀ Yúróòpù àti Kánádà. Kì í lé ẹja kiri. Yóò fara pamọ́ sẹ́bàá koríko, yóò dúró jẹ́ẹ́, nígbà tí ẹja kékeré bá kọjá ni yóò fò mọ́ ọn. Síbẹ̀, ẹja oníwà ipá yìí ń tọ́ ọmọ: ó ń fi ìfóófòó ṣe ìtẹ́ sí ojú omi, ó ń yé ẹyin sínú rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ọ.

Ọgbọ́n apẹja

Nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹja ń padà láti inú koríko lọ sí ojú odò. Ojú ọ̀nà tóóró tí omi ń gbà padà ni apẹja tí ó mọṣẹ́ ń lọ dúró sí. Ibẹ̀ ni ó ń dẹ ìgèrè sí. A hun ìgèrè ní ọ̀nà tí ẹja fi lè wọlé, ṣùgbọ́n tí kò ní rí ọ̀nà jáde. Apẹja a dẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, a sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní òwúrọ̀.

Àwọn ẹlòmíràn ń lo àwọ̀n. Wọ́n a ta á sínú omi nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, nítorí pé ẹja kì í rí i dáadáa nínú òkùnkùn. Ìwọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Ẹni tí ń wá àrọ̀ a fi ekòló ṣe ìdẹ, a sì jẹ́ kí ìwọ̀ rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ omi ní alẹ́, nítorí pé òru ni àrọ̀ ń jẹ̀. Ẹni tí ń wá ẹja elénu gígùn a fi ẹja kékeré ṣe ìdẹ, a sì jù ú sí ẹ̀bá koríko ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tàbí ní ìrọ̀lẹ́.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé tán, iṣẹ́ náà yóò rọrùn jù. Ibú ti kéré, ẹja ti há. Kódà, ọmọdé lè fi agbọ̀n gbọ́n ẹja jáde. Ìrọ̀rùn yìí ni ewu rẹ̀. Nígbà tí omi kún, odò fúnra rẹ̀ ni ó ń dáàbò bo ẹja. Nígbà tí omi bá fà, kò sí ohun tí ó tún ń dáàbò bò ó mọ́ àyàfi ọgbọ́n àti ìkóra-ẹni-níjàánu ènìyàn.

Ìgò kan ṣoṣo

Láti ayébáyé ni àwọn ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ti ń gún àwọn ewé àti èèpo igi kan láti fi pa ẹja nínú omi tí kò ṣàn. Ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ó sì burú jù, ni oògùn apakòkòrò. Ní agbègbè tí a ti ń gbin òwú, oògùn yìí kò jìnnà sí ọwọ́. Bí ẹnì kan bá da ìgò kan ṣoṣo sínú ibú, gbogbo ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ yóò léfòó láàárín wákàtí díẹ̀: ẹja ńlá, ọmọ ẹja, àkèré, àti àwọn kòkòrò tí ẹja ń jẹ.

Ẹni tí ó dà á yóò kó àwọn ẹja ńlá lọ. Àwọn kéékèèké yóò jẹrà síbẹ̀. Nígbà tí òjò bá tún dé, tí omi sì kún, kò ní sí àrọ̀ tí yóò wọ inú koríko lọ yé ẹyin, nítorí pé àwọn tí ìbá yé e ti kú sínú ibú. Ẹja inú ibú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dà bí àgbàdo tí àgbẹ̀ so mọ́ àjà fún irúgbìn. Ẹni tí ó bá sè é jẹ tán yóò rí oko ní ọdún tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tí yóò gbìn sí i.

Ewu náà kò mọ sí ara ẹja. Omi ibú kan náà ni mààlúù ń mu, òun náà ni àwọn ìdílé kan ń pọn. Ẹni tí ó bá jẹ ẹja tí a fi oògùn pa lè máa bì, kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n, kí itọ́ máa dà lẹ́nu rẹ̀, kí mímí sì nira fún un. Ọmọdé ni ó tètè máa ń ṣe. Yíyan ẹja náà lórí iná kò mú oró inú rẹ̀ kúrò. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn láìjáfara.

Orílẹ̀-èdè Benin ti rí agbára oògùn òwú rí. Ní àkókò òwú ọdún 1999 sí 2000, àwọn ènìyàn kú ní Borgou nítorí oògùn kan tí ń jẹ́ endosulfan, tí ó wọ inú oúnjẹ wọn tàbí ara wọn. Oògùn yẹn jẹ́ apanirun fún ẹja pẹ̀lú. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi í sí ara àwọn oògùn tí a gbọ́dọ̀ mú kúrò nílò. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn mìíràn ṣì wà ní oko, oró sì ni gbogbo wọn fún ohun tí ń gbé inú omi.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin nọ́ńbà 2014-19 ti ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2014, tí ó wà fún iṣẹ́ ẹja pípa àti ẹja sísìn ní Benin, ka fífi oògùn olóró tàbí ohun abúgbàù pa ẹja léèwọ̀. Ẹni tí ó bá rú u yóò dáhùn níwájú adájọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí ń ba odò jẹ́ láìsí ariwo. Òun ni àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́, àti àwọ̀n ẹ̀fọn tí ìjọba ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ kí àwọn ọmọdé má baà ní ibà. Àwọn kan ń fi í gbọ́n ẹja nínú ibú. Kò sí ọmọ ẹja tí ó lè gba ojú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, ọmọ inú ilé yóò sun lóru láìsí ohun tí yóò dáàbò bò ó lọ́wọ́ ẹ̀fọn. Àdánù méjì ni nígbà kan náà.

Bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe é

Àwọn ènìyàn ní ibòmíràn ti ronú lórí ìṣòro yìí, wọ́n sì rí ọ̀nà.

Ní ìsàlẹ̀ odò Ouémé, ní gúúsù Benin, àwọn ènìyàn ń gbẹ́ ihò gígùn sínú ilẹ̀ tí omi máa ń bò. Whedo ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí odò bá kún, omi àti ẹja a wọ inú rẹ̀. Nígbà tí omi bá fà, ẹja a há síbẹ̀. Whedo kọ̀ọ̀kan ní olówó, a sì ń jogún rẹ̀ láti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ. Nítorí pé ó ní olówó, kò sí ẹni tí yóò da oró sínú rẹ̀.

Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi ní Nàìjíríà, ọdún ẹja ńlá kan wà tí a ti ń ṣe ní irú ọ̀nà tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí láti ọdún 1934. Apá odò tí a ń lò fún ọdún náà, a ń tì í pa: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pẹja níbẹ̀ títí ọjọ́ ọdún yóò fi pé. Ní ọjọ́ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin a bẹ́ sómi pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti igbá. Nítorí pé a fún odò ní ìsinmi, ẹja a ti dàgbà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2020, ẹja tí ó gba ipò kìíní wọn kìlógíráàmù 78.

Ní Ọ̀ṣogbo, ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í pa ẹja odò Ọ̀ṣun nínú igbó òrìṣà náà. Ìgbàgbọ́ ni ó fi ìdí èèwọ̀ yìí múlẹ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ hàn sí gbogbo ojú: ẹja ní ibi ìsádi.

Kódà ní Kánádà, níbi tí adágún ti pọ̀ lọ súà, a kò fi ẹja sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni. Ní òpin ìgbà ooru wọn, àwọn apẹja ń lọ sórí adágún ńlá láti wá brochet àti ẹja kan tí ojú rẹ̀ tóbi, tí ó sì ń dán lóru. Ẹni tí yóò pẹja gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ní ọ̀pọ̀ apá ìpínlẹ̀ Ontario, ẹja olójú ńlá 4 péré ni ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ kíkún lè mú. Ìyókù, yóò dá wọn padà sómi. Bí àwọn tí omi pọ̀ fún bá ń ka ẹja, ó yẹ kí àwọn tí omi wọn ń gbẹ lọ́dọọdún kà á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ibú dé ọjà

Iṣẹ́ ẹja kò parí ní etí odò. Ẹja tútù kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru Collines. Àwọn obìnrin ni wọ́n sábà máa ń rà á lọ́wọ́ apẹja, tí wọ́n ń yọ ìfun rẹ̀, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń yan án. Àrọ̀ ni wọ́n máa ń ká, tí wọ́n á fi ìrù rẹ̀ bọ ẹnu rẹ̀ kí ó tó dé orí iná. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pòwe pé ẹja tútù ni a ń ká, bí ó bá gbẹ, ṣíṣẹ́ ni yóò ṣẹ́. Ẹja tí a yan gbẹ dáadáa lè pẹ́ ní ilé, ó sì lè dé ọjà Bantè, Savalou tàbí Glazoué láìbàjẹ́.

Ààrò tí ó dára ń dín igi àti èéfín kù. Ní ilẹ̀ Ghana, àwọn obìnrin Chorkor, ní etí òkun Accra, ni a ti fi orúkọ àdúgbò wọn pe ààrò amọ̀ kan tí a ń to àtẹ ẹja lé ara wọn lórí rẹ̀. Iná kan ṣoṣo ń yan àtẹ púpọ̀. Ààrò yìí ti tàn ká Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Oníṣòwò ẹja pẹ̀lú ní agbára tí ó yẹ kí ó lò. Òun ni ó ń fi owó lé ọwọ́ apẹja. Bí ó bá kọ ẹja tí kò mọ orísun rẹ̀, tí ó sì kọ ọmọ ẹja tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ẹni tí ń da oògùn sómi kò ní rí ibi tà á.

Ibú kan fún ọdún tí ń bọ̀

Ohun tí abúlé lè ṣe kò gba owó púpọ̀. Àkọ́kọ́, kí àwọn àgbà, olóyè abúlé, apẹja àti àwọn obìnrin oníṣòwò ẹja jókòó pọ̀ kí òjò tó dáwọ́ dúró. Kí wọ́n yan ibú kan, èyí tí ó jìn jù lọ tí kì í gbẹ, kí wọ́n sì fẹnu kò pé a kò ní pẹja nínú rẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Kí gbogbo ilé gbọ́, títí kan àwọn darandaran tí ń kó mààlúù wá mu omi.

Èkejì, kí a dá àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ dúró, kí a sì dá ọmọ ẹja padà sómi nígbà tí ó ṣì ń mí. Ẹ̀kẹta, kí ìgò oògùn òwú má ṣe kúrò lóko lọ sí odò, yálà ó kún tàbí ó ti tán. A kò gbọ́dọ̀ ṣan ìgò náà tàbí ẹ̀rọ ìfọ́nkù sínú omi. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó bá rí ibú tí ẹja inú rẹ̀ léfòó lójijì, kí ó má ṣe kó wọn. Kí ó kìlọ̀ fún àwọn ará ilé, kí ó sì tètè sọ fún olóyè abúlé àti ilé iṣẹ́ kómúùnù.

Nígbà tí òjò oṣù kẹrin bá rọ̀, ibú tí a dá sí náà yóò dara pọ̀ mọ́ odò. Àwọn àrọ̀ inú rẹ̀ yóò jáde, wọn yóò wọ inú koríko, wọn yóò sì yé ẹyin. Kò sí ẹni tí yóò rí wọn ní ọjọ́ ọdún iṣu, nítorí omi yóò ti bò wọ́n. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá, nígbà tí omi bá tún ń fà, ẹni tí ó dẹ ìgèrè rẹ̀ sójú ọ̀nà tóóró náà yóò rí ẹja kó lọ sílé.